Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú títúmọ̀ ìwé ẹrù ọkọ̀ àtijọ́

Ẹ wo gbólóhùn kan tí mo kọ fúnra mi, tí mo máa ń fún àwọn tó bá wá kọ́ iṣẹ́ ògbufọ̀ lọ́dọ̀ mi: Six puncheons of oil sent from the factory by lighter. Bí ìwé àwọn oníṣòwò Èkó àtijọ́ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ọmọkùnrin kan túmọ̀ rẹ̀ báyìí: "Àgbá epo mẹ́fà ni wọ́n fi láítà ránṣẹ́ láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é." Kò mọ puncheon, ìyẹn àgbá ńlá onígi, rí, ó lọ wò ó, ó sì gbà á. Factory àti lighter, tó gbà pé òun ti mọ̀ láti kékeré, ló gbé e ṣubú.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí. Ọ̀rọ̀ tó bá ṣàjèjì máa ń dá ọwọ́ wa dúró. Èyí tó bá jọ ojúlùmọ̀ la kì í bi léèrè.

Ẹ má ṣe kọ "ilé iṣẹ́" fún factory nínú ìwé òwò etí òkun wa ní nǹkan bí 1850 sí 1900. Kò sẹ́ni tó ń ṣe ohunkóhun jáde níbẹ̀. Ilé òwò ni, níbi tí aṣojú oníṣòwò, tí wọ́n ń pè ní factor, ń kó ọjà pamọ́ sí, tó sì ti ń ra epo àti ẹ̀kùrọ́. Àṣìṣe yìí dùn mí ju gbogbo ìyókù lọ, torí ẹni tó bá kọ pé ilé iṣẹ́ òyìnbó ni epo ti jáde ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Àwọn ni wọ́n se ẹyìn, tí wọ́n gún un, tí wọ́n fún un, tí wọ́n sì ru epo náà dé ọjà.

Lighter ní tirẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ omi pẹlẹbẹ tó ń gbé ẹrù láàárín ọkọ̀ ńlá àti èbúté. Ó ń mú kí ọkọ̀ ńlá fúyẹ́, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ohun tó fi pọ̀ nínú ìwé Èkó ni pé iyanrìn dí ẹnu ọ̀sà, ọkọ̀ ńlá kò lè wọlé. Wọ́n á dúró sójú òkun. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ wọn ń já ẹrù sí Forcados, èbúté kan ní agbègbè Niger Delta, kí ọkọ̀ kékeré tó kó o wá sí Èkó. Ẹni tó bá fo ọ̀rọ̀ yìí ti fo ewu àti owó tó wà láàárín òkun àti ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí àwa fúnra wa ń lò lójoojúmọ́ ló tún burú jù. Ẹni tó bá gbọ́ kẹ́ẹ̀gì lónìí, ike tí a fi ń pọn omi, tí a fi ń ra epo, ló máa rí lọ́kàn. A keg of powder àtijọ́ jẹ́ àgbá onígi kékeré, ẹ̀tù ìbọn ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe pọ́dà ojú. Wéébíìlì náà ti yí padà lọ́wọ́ wa. À ń sọ pé "bá mi wéébíìlì rẹ̀ sí Ìbàdàn", ṣùgbọ́n ìwé ni nígbà yẹn, ìwé tó to ẹrù tí a fi lé ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́.

Ẹ má sì ṣe sáré sọ àgbá di lítà. Nínú òṣùwọ̀n wáìnì, puncheon kan jẹ́ gálọ́ọ̀nù 84. Gálọ́ọ̀nù wo? Bó bá jẹ́ ti wáìnì àtijọ́, tí Amẹ́ríkà ṣì ń lò, lítà 318 ni. Bó bá jẹ́ èyí tí òfin Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ní 1824, ó di 382. Àgbá epo pupa tilẹ̀ tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò sì dọ́gba. Bí ìwé kò bá sọ iye gálọ́ọ̀nù tàbí ìwọ̀n, ẹ kọ "àgbá ńlá mẹ́fà", kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì rí puncheon shooks lára ọjà tó wọlé, ẹ má kọ pé ọtí dé. Igi àgbá tí a tú, tí a dì bí ìdì igi, ni. Etí òkun níbí ni wọ́n ti ń tò ó padà kí wọ́n tó rọ epo sí i.

Cwt, ìyẹn hundredweight, òṣùwọ̀n ìwúwo ẹrù, náà ń tan èèyàn. C tó wà níwájú rẹ̀ dúró fún ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ pọ́n-ùn 112 ni lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ten heads of cowries: mo ti rí i tí wọ́n kọ ọ́ ní "orí mẹ́wàá". Ó burú, nítorí èdè wa ló ni ìṣirò yìí kí òyìnbó tó dé. Head kan jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn owó ẹyọ 2,000. Mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, 20,000, òun ni wọ́n ń pè ní bag. Ẹ kọ ọ̀kẹ́ kan.

Ó ku ìwé ẹ̀rí ẹrù, bill of lading. Master inú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni. Ọ̀gákọ̀ ni, tí ìwé sọ pé ó ń tu ọkọ̀ lábẹ́ Ọlọ́run. Average accustomed kò ní í ṣe pẹ̀lú ìṣirò ilé ìwé: owó kéékèèké tó ń tẹ̀lé owó ọkọ̀ ni. General average tún yàtọ̀, àdánù tí gbogbo ẹlẹ́rù jọ ń pín ni, bí wọ́n bá da ẹrù ẹnìkan sómi kí ọkọ̀ má baà rì. Àwọn kan á wá yọ ìlà ìkẹyìn kúrò, pé àdúrà ni, kì í ṣe òwò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́. Ẹni tó kó gbogbo ohun tó ní sínú ọkọ̀ náà kò kà á sí ọ̀ṣọ́: Kí Ọlọ́run mú ọkọ̀ rere yìí gúnlẹ̀ ní àlàáfíà sí èbúté tó ń lọ.