Ojú Tútù, Ojú Olè: Àṣìṣe Tá A Máa Ń Ṣe Tá A Bá Ní Ká Fi Ojú Mọ Ìwà

Ẹ jẹ́ n ti orí èyí tí mo fọwọ́ ara mi ṣe bẹ̀rẹ̀. Prófísọ̀n ni mo ń tà nítòsí Gárééjì Ọ̀fà n'Ílọrin, ọmọ mẹ́ta ló ń bá mi tajà nígbà yẹn, ó ti tó ọdún méjì báyìí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo ka owó inú dúrọ́ọ̀, 18,500 náírà ò sí níbẹ̀. Mo pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ní kí kálukú wò mí lójú kó sọ ohun tó mọ̀. Àwọn méjì wò mí, wọ́n búra. Ẹ̀kẹta, ọmọ Àjàṣẹ́ Ìpo, ọmọ ọdún 17, kò gbójú sókè rárá. Mo ní "wò mí lójú!", ṣe ló tún dorí kodò, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn ń bọ́ níwájú orí ẹ̀. Mo ní hẹn-ẹn, ojú olè nìyí. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ní kó di ẹrù ẹ̀, mo pe ìyá ẹ̀ lórí fóònù, mo sì pe ọmọ ọlọ́mọ lólè.

Ọjọ́ kẹrin, ìyá tó máa ń gbé ẹyin wá fún mi dé láti wá gba ìyókù owó ẹ̀, ló bá mú ìwé pélébé kan jáde, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́: 18,500 tí mo ti san sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, inú dúrọ́ọ̀ yẹn ni mo ti yọ ọ́, kásítómà pọ̀ lọ́rùn mi mo sì gbàgbé pátápátá.

Mo wọkọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ fún ìyá àti ọmọ. Ìyá yẹn ò pariwo, ì bá tiẹ̀ sàn kó pariwo. Ó ní, "Ìyá Ráfíù, èmi ni mo kọ́ ọ pé kó má máa wo àgbà lójú. Ohun tí mo fi kọ́ ọ nílé lẹ fi mú un lólè lọ́jà."

Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń kíyè sí bá a ṣe ń ṣe, mo ń bi àwọn tó kàwé, èmi náà ń kà, mo sì rí i pé àṣìṣe yìí ò mọ síbì kan. Àkọ́kọ́ ni èyí tí mo sọ yìí: ẹni tí ò bá lè wò ẹ́ lójú, irọ́ ló ń pa. Níbo la ti rí i ná? Nílẹ̀ yìí, ọmọ tó bá ranjú mọ́ àgbà, aláìlẹ́kọ̀ọ́ la máa ń pè é, tó bá wá délé iṣẹ́ tàbí àgọ́ ọlọ́pàá tó gbé ojú ẹ̀ sílẹ̀, a tún ní ó jalè. Kí ló wá kù fún un láti ṣe? Ìbẹ̀rù, ìtìjú àti irọ́, ojú kan náà ni wọ́n ń gbé wọ̀, ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́ tiẹ̀ lè làágùn ju olè lọ torí ó mọ̀ pé orúkọ yẹn ò ṣeé fọ̀ kúrò. Olè tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ ní tiẹ̀, ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ranjú mọ́ èèyàn búra. Lọ́dún 2006 àwọn onímọ̀ méjì l'Amẹ́ríkà, Charles Bond àti Bella DePaulo, kó ìwádìí tó lé ní 200 jọ, àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dá òpùrọ́ mọ̀ níbẹ̀ lé ní 24,000 èèyàn. Tí ẹ bá pa gbogbo ẹ̀ pọ̀, ìgbà 54 nínú 100 ni wọ́n gbà á. Ẹ ta kọ́ìnsì sókè, ẹ máa gba 50. Ìgbà 4 péré ló fi ju kọ́ìnsì lọ, ohun tí mo sì gbé lé lórí nìyẹn tí mo fi lé ọmọ ọlọ́mọ lálẹ́.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ò le rárá. Kí n kó ìwé jáde, kí n bi ara mi pé ta ni mo sanwó fún lónìí, kí n dúró di ọjọ́ kejì. Báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ la máa ń ka dúrọ́ọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀sán àti alẹ́, owó tó bá jáde, ìbáà ṣe èmi ni mo mú un, ó gbọ́dọ̀ wọ ìwé.

Àṣìṣe kejì ni ká máa sọ pé "ẹ̀mí mi ò gbà á". Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa dun àwọn kan torí a máa ń gbà pé Ọlọ́run ló fi hàn wá. Mi ò sọ pé Ọlọ́run kì í fi nǹkan han èèyàn o. Àmọ́ lọ́dún 2006 kan náà, Janine Willis àti Alexander Todorov ní yunifásítì Princeton fi àwòrán ojú àwọn èèyàn han àwọn mìíràn fún ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ndì, ìyẹn ò tó ká ṣẹ́jú, wọ́n sì ti sọ ẹni tó ṣeé gbára lé àti ẹni tí ò ṣeé gbára lé. Nígbà tí wọ́n fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún wọn láti wò ó dáadáa, èrò yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ohun tó kàn lé sí i ni pé ó túbọ̀ dá wọn lójú. Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mẹta. Tí ohun kan bá ti yára dé ọkàn ẹ báyẹn kó o tó ṣẹ́jú, tó sì jẹ́ pé ojú tó o rí nìkan ló bí i, má tètè pè é ní ìran. Bi ara ẹ pé: kí ni ẹni yìí ti ṣe?

Ẹ wò ó, àwọn tó ṣubú sọ́wọ́ ojú tó mọ́ pọ̀ ju àwọn tí olójú burúkú ṣe ní jàǹbá lọ, lójú tèmi ṣá. Ìyá kan tó ń ṣe POS lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọkùnrin kan wá bá a nírọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀, agbádá funfun, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, àmì ìforíkanlẹ̀ níwájú orí, ó kí wọn tilé toko, ó ṣàdúà fún àwọn ọmọ. Ó ní òun fẹ́ gba káàṣì 65,000. Alẹ́ẹ̀tì wọlé sórí fóònù, ìyá yìí ka owó lé e lọ́wọ́, ó tún sọ pé àmín. Owó ò dé àkáǹtì títí di òní, alẹ́ẹ̀tì ayédèrú ni. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò ṣí app báǹkì wò bó ṣe máa ń ṣe fáwọn ọmọ ọlọ́kadà, ó ní "ojú ẹ̀ mọ́". Àbí ẹ ò rí i? Àwọn tó ní ojú olè, ó máa ń yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, wọn ò sì rí i jà. Látọdún 1920 ni Edward Thorndike ti rí irú ẹ̀ láàárín àwọn ọ̀gá ṣójà l'Amẹ́ríkà, pé ṣójà tí ọ̀gá bá ti gbà pé ó rí dáadáa, ó máa ń fún un ní máàkì lórí làákàyè àti ìwà pẹ̀lú, bí ẹni pé ohun kan náà ni gbogbo ẹ̀. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ẹni tó bá fẹ́ gbowó, ì báà jẹ́ ìmáàmù tàbí pásítọ̀, kó dúró kí owó kọ́kọ́ hàn nínú àkáǹtì.

Èyí tó kàn yìí ló máa ń mú mi sunkún. Àìsàn la máa ń pè ní ìwà. Ìyá àgbà tí ojú ẹ̀ pọ́n lábúlé, wọ́n á ní àjẹ́ ni. Ogójì ọdún nídìí ààrò onígi, èéfín ń wọ ojú, oòrùn àti eruku oko ń bá a, ẹran á máa hù díẹ̀díẹ̀ sí i lójú, ojú kí ló fẹ́ ní? Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe wẹ́dà tí kì í bo ojú dáadáa, wọ́n á ní igbó ló ń mu. Ẹni tí ẹnu ẹ̀ wọ́ sápá kan, wọ́n á ní ó ti ṣe ohun tí ò dáa, ó ti ń jẹ́wọ́ ni, bẹ́ẹ̀ àwọn dókítà mọ àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní Bell's palsy, iṣan tó ń darí ojú ló wú, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń gbádùn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mélòó kan. (Tí ojú bá ṣàdédé wọ́ o, pàápàá tí ọwọ́ kan bá rọ tàbí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, ẹ má dúró wádìí kankan, sítíróòkì lè ni, ẹ gbé e lọ ọsibítù kíá.) Àìsàn Parkinson máa ń mú kí iṣan ojú gan, bàbá tó ń bá gbogbo àdúgbò ṣeré tẹ́lẹ̀ ò ní lè rẹ́rìn-ín mọ́, àwọn èèyàn á ní ó ti ń gbéraga. Àwọn kan tí ẹ̀yà ara inú ọrùn tó máa ń fa gẹ̀gẹ̀ ń yọ lẹ́nu, ẹyinjú wọn á yọ síta bí ẹni ń dẹ́rù bani, ọmọdé á máa sá fún wọn. Kò sí ìwà kankan nínú gbogbo èyí. Àìlera ni.

Mo ti bọ́ síbi tó gbóná báyìí, ọ̀rọ̀ Fúlàní. Ìlọrin nibí, Ìlọrin tẹ́ṣin jẹ́ eégún ilé wọn, Yorùbá, Fúlàní, Hausa, Nupe, Bàrùbá ti jọ ń gbé látọjọ́ tó ti pẹ́, àwọn Fúlàní kan wà n'Ílọrin tó jẹ́ Yorùbá ni wọ́n fi ń lálàá. Àmọ́ látìgbà tí ìjínigbé ti wọ apá ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, Èkìtì àti Ìsin ní Kwara wa níbí, àgàgà látìgbà tí wọ́n pa ọba ìlú Koro láàfin ẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2024 tí wọ́n sì gbé olorì lọ, ẹ̀rù ń bà wá, ẹ̀rù ń ba èmi náà tí mo bá ń gba ọ̀nà yẹn lọ sílé. Ẹ̀rù yẹn tọ́. Ohun tí ò tọ́ ni ká máa wo imú tó gún àti ara pupa ká wá sọ pé ajínigbé nìyí. Ìyá oníwàrà kan wà tó ti ń gbé wàrà wá síwájú ilé wa láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, lọ́dún tó kọjá àwọn ọmọ àdúgbò lé e, wọ́n da igbá ẹ̀ nù. Ẹ rò ó wò: ta ló mọ inú igbó ju ìyá yẹn lọ? Ta ló máa kọ́kọ́ rí àjèjì tó pàgọ́ síbẹ̀? Tá a bá ti sọ òun náà di ajínigbé nítorí ojú ẹ̀, ta ló máa sọ ohun tó rí fún? Ẹni tó sì ń ta àṣírí ilé yín síta lè jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń kí ara yín láàárọ̀. Ohun tí èèyàn ń ṣe ni kẹ́ ẹ ṣọ́: ọkọ̀ tẹ́ ò mọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ lóru, ẹni tó ń béèrè ìgbà tí bàbá ilé máa ń wọlé. Ẹ sọ ọ́ fún baálẹ̀, fún àwọn fijilanté, fún ọlọ́pàá.

Ohun tí SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá kan, náà fi ṣe àwọn ọmọ wa nìyẹn. Ọdún 1992 ni wọ́n dá a sílẹ̀ nítorí adigunjalè, nígbà tó yá, ọmọ tó bá ti dá irun dàda, tó ya táàtù tàbí tó gbé laptop, "ojú Yahoo lo ní", wọ́n á wọ́ ọ wọnú ọkọ̀. Àwọn ọmọ tú síta káàkiri Nàìjíríà kí wọ́n tó tú u ká ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 2020. Àwa tá a bá wọn bínú nígbà yẹn, àwa náà la tún ń ṣe irú ẹ̀ fún ayálégbé àti ọmọ iṣẹ́.

Ilà ojú, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Gọ̀ǹbọ́, àbàjà, pẹ́lé, ilé tí èèyàn ti wá ni wọ́n ń sọ, kò sí ìgbà kan táwọn baba wa kọ ilà ìwà.

Àwọn kan á ní ṣebí àwọn Òyìnbó kọ ìwé lé e. Wọ́n kọ ọ́ lóòótọ́. Dókítà ará Ítálì kan, Cesare Lombroso, sọ lọ́dún 1876 pé ọ̀daràn kì í ṣòro dá mọ̀, pé àgbọ̀n ńlá ni wọ́n ní, etí wọn ò rí bí ti èèyàn. Ìgbà tí Charles Goring tó jẹ́ dókítà ọgbà ẹ̀wọ̀n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọn nǹkan bí 3,000 ẹlẹ́wọ̀n, tó fi wọ́n wé àwọn tí ò ṣẹ̀wọ̀n, tó sì gbé e jáde lọ́dún 1913, kò rí irú ojú bẹ́ẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, pásítọ̀ ará Switzerland kan, Lavater, ti kọ́ àwọn èèyàn láti máa ka ìwà látara imú, káfúténì ọkọ̀ ojú omi kan tó gba ọ̀rọ̀ ẹ̀ gbọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba Charles Darwin sínú ọkọ̀ lọ́dún 1831 torí imú ẹ̀ ò jọ ti ẹni tó lágbára. Darwin fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́. Ìrìn àjò yẹn ló sì sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀.

Ẹlòmíì á tún ní ṣebí àwọn àgbà wa ló sọ pé ìrínisí ni ìsọnilójọ̀. Ẹni tó fẹ́ jáde nílé ni wọ́n ń kì nílọ̀ o, pé bí wọ́n bá ṣe rí ẹ ni wọ́n máa ṣe sí ẹ, wọn ò sọ pé ohun tí wọ́n rí ló wà nínú. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ìyẹn ni pé ká jókòó ká jọ sọ ọ́ lójúkojú, èmi ò jẹ́ kọ́mọ yẹn sọ nǹkan kan. Ojúkòkòrò kì í ṣe àrùn ojú, kò sí dókítà tó máa fi iná wò ó rí. Ojúsàájú wà nínú èdè wa náà, òun gan-an là ń ṣe.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ọmọ iṣẹ́ tàbí ayálégbé, ẹ gba onígbọ̀wọ́, ẹ dé ilé onígbọ̀wọ́ yẹn fúnra yín, ẹ bi ibi tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta kẹ́ ẹ fi máa wò ó. Ó máa ń jẹ àkókò, ó sì máa ń rẹni.

Ọmọ Àjàṣẹ́ yẹn ò padà sọ́dọ̀ mi, mi ò sì tún bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ń kọ́ṣẹ́ irun ní sálúùnù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà báyìí. Tí mo bá ń lọ sókè lọ́hùn-ún, mo máa ń ní kí dẹ́rẹ́bà dúró díẹ̀, màá sọ̀ kalẹ̀ lọ kí i. Ó máa ń kúnlẹ̀, á ní "ẹ káàsán mà", ojú ẹ̀ á sì wà nílẹ̀.