Ẹ má kàn gé e níbi slash: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú yíyọ orúkọ fáìlì

Mo kọ kóòdù kan nígbà kan fún oníṣòwò tó ní ẹ̀ka mẹ́ta. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó gba risíìtì tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bá fi ránṣẹ́, kó sì tò wọ́n sínú fódà kan lórí sáfà. Lórí laptop mi, geere ló ń lọ. Lọ́jọ́ tí a gbé e sórí sáfà, mo ṣí fódà náà, fáìlì tí mo bá níbẹ̀ ń jẹ́:

`C:\Users\kasia2\Desktop\risiti-014.pdf`

Kì í ṣe pé fáìlì yìí wà nínú Desktop ẹnikẹ́ni o. Orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn, láti orí C títí dé orí f.

Bẹ́ẹ̀, ohun tí gbogbo ayé ń lò ni mo lò: `os.path.basename(ona)`, àṣẹ Python tó ń yọ orúkọ fáìlì nínú `ona`, ìyẹn àdírẹ́sì tó to fódà tí fáìlì wà àti orúkọ rẹ̀ tẹ̀léra. Ohun tí mi ò rò ni pé Windows ló wà lórí laptop mi, Linux ló wà lórí sáfà. Bí Python bá wà lórí Windows, `os.path` mọ `/`, ó sì mọ `\`. Bó bá dórí Linux, `/` nìkan ló mọ̀. Lójú Linux, `\` ò yàtọ̀ sí a tàbí b. Ó lè jókòó sáàárín orúkọ fáìlì, kò sẹ́ni tó máa bá a wí.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù nínú kóòdù àwọn ẹlòmíì náà nìyí. Wọ́n ń wo ẹ̀rọ tí kóòdù wọn wà lórí rẹ̀, wọn ò béèrè ẹ̀rọ tó kọ àdírẹ́sì fáìlì náà. Bó bá jẹ́ Windows ló kọ ọ́, ẹ kà á bíi ti Windows, ibi yòówù kẹ́ ẹ ti máa kà á:

`from pathlib import PureWindowsPath`
`oruko = PureWindowsPath(ona).name`

Ẹni tó ń lo Node (JavaScript tí kò sí nínú búráúsà) á rí `path.win32.basename`. Ẹ má sì torí èyí máa lo ti Windows fún gbogbo nǹkan: fáìlì Linux tó ní `\` nínú orúkọ rẹ̀ lóòótọ́ á pín sí méjì mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ̀bi ta ni gbogbo èyí? DOS àkọ́kọ́, ètò Microsoft tó ṣáájú Windows, kò ní fódà rárá, `/` sì ni wọ́n fi ń yan bí àṣẹ kan ṣe máa ṣiṣẹ́. Nígbà tí DOS 2.0 gbé fódà dé ní 1983, `/` ti níṣẹ́ lọ́wọ́, ni wọ́n bá mú `\`. Unix, tí Linux tẹ̀lé àpẹẹrẹ rẹ̀, ti ń fi `/` ya fódà ṣáájú ìgbà yẹn. Gbèsè 1983 la ṣì ń san.

`ona.split("/")[-1]` ńkọ́? Á máa ṣiṣẹ́ títí ẹnì kan á fi fi `/` parí àdírẹ́sì. `"/home/ade/risiti/"` á fún yín ní òfìfo. `os.path.basename` náà á fún yín ní òfìfo, `Path(ona).name` àti àṣẹ `basename` ti Linux á mú `risiti` wá. Ẹ mọ èyí tẹ́ ẹ ń fẹ́ kẹ́ ẹ tó mú ọ̀kan.

Àdírẹ́sì mìíràn ti bàjẹ́ kó tó dé ibi tẹ́ ẹ ti máa gé e. Ẹ kọ `"D:\tita\nomba.txt"` sínú Python, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìlà méjì lẹ máa rí, torí `\t` ti di àlàfo, `\n` ti di ìlà tuntun: "ita" lókè, "omba.txt" nísàlẹ̀. Lẹ́tà r kan níwájú ló máa gbà yín: `r"D:\tita\nomba.txt"`. Ẹni tó kọ `"C:\Users"` tiẹ̀ rí ṣe, Python 3 á pariwo lójú ẹsẹ̀.

Nípa ìrù orúkọ, ìyẹn `.pdf` tàbí `.xlsx`: `split(".")[0]` á sọ `isiro.2023.xlsx` àti `isiro.2024.xlsx` di `isiro` kan náà. `rstrip(".pdf")` burú ju ìyẹn lọ. Kì í wá ".pdf" lódindi; gbogbo p, d, f àti dọ́ọ̀tì tó bá bá lẹ́yìn orúkọ ló ń jẹ, títí á fi kan lẹ́tà mìíràn. `staff.pdf` á di `sta`. `Path(ona).stem` ni kẹ́ ẹ lò, tàbí `removesuffix` bí Python yín bá ti tó 3.9. `.tar.gz` nìkan ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, torí `.gz` nìkan ni stem máa yọ.

Nínú shell, níbi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Linux, ẹ má gbàgbé àmì `"` méjèèjì. Bí `f` bá jẹ́ `/home/ade/iwe owo.pdf`, `basename $f` á dáhùn pé `iwe`, láìbínú, láìkìlọ̀: ó rò pé ìrù tẹ́ ẹ fẹ́ gé ni `owo.pdf`. `basename "$f"` ló tọ́.

Àdírẹ́sì kan tún wà tí ẹ̀rọ kankan ò kọ. Nínú JavaScript, `input.value` ti fáìlì tí ẹnì kan yàn á sọ pé `C:\fakepath\risiti.pdf`, àní bí onítọ̀hún bá ń lo fóònù. Ẹ má wá fódà yẹn kiri. Búráúsà ló fi bo fódà ẹni náà láṣìírí. Ẹ ò nílò gígé kankan: `input.files[0].name`.

Àwa tí à ń fi Yorùbá sọ fáìlì lórúkọ tún ní tiwa. `ọ̀` kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan nínú Unicode, àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Ó lè jẹ́ méjì, `ọ` àti àmì orí rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ mẹ́ta, `o`, àmì abẹ́, àmì orí. Ojú wa ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n `len` á sọ 2 fún èyí, 3 fún ìyẹn, `==` á sì ní wọn kì í ṣe ọ̀kan. HFS+, ètò ìtọ́jú fáìlì tí àwọn Mac àtijọ́ ń lò, máa ń tú orúkọ sí oríṣi mẹ́ta yẹn, nítorí náà `Ọ̀rọ̀.txt` tó ti ibẹ̀ wá lè má bá èyí tẹ́ ẹ tẹ̀ mu. Ẹ fi `unicodedata.normalize("NFC", oruko)` mú àwọn méjèèjì bára mu kẹ́ ẹ tó fi wọ́n wéra, ṣùgbọ́n orúkọ bó ṣe wá gan-an ni kẹ́ ẹ fi ṣí fáìlì náà. Ẹ má sì fi `oruko[:20]` gé e kúrú. Ó lè já àmì ohùn kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀.

Ti risíìtì mi ńkọ́? Mo fi PureWindowsPath tún gbogbo orúkọ wọn ṣe nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo sùn dáadáa. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, oníṣòwò náà pè mí pé risíìtì ẹ̀ka kejì ti pòórá. Ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní `risiti-014.pdf`. `\Users\kasia2` tí mo pè ní ìdọ̀tí, òun nìkan ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀, `os.rename` lórí Linux kì í sì í béèrè kó tó fi fáìlì kan bo òmíràn mọ́lẹ̀. A ní kí àwọn ẹ̀ka tún gbogbo rẹ̀ fi ránṣẹ́. Nọ́ńbà ẹ̀ka ló ń ṣáájú báyìí: `02-risiti-014.pdf`.