Ẹ má wọn yìnyín lórí koríko

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń ṣọ́ yìnyín (snow) tó ń rọ̀ nínú òtútù yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki rúlà bọ orí koríko mọ́. Koríko máa ń gbé yìnyín sókè, iye tí ẹ ó rí á sì ju èyí tó rọ̀ gan-an lọ. Pákó pẹlẹbẹ tí a kùn ní ọ̀dà funfun ló dáa jù. Ẹ gbé e sí gbangba, kó jìnnà sí ògiri àti igi. Ẹ ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí yìnyín á bò ó. Tí ẹ bá wọ̀n ọ́n tán, ẹ gbá a mọ́. Tẹmọ́mítà tí ẹ fi ń wo bí òtútù ṣe tó ní tirẹ̀, abẹ́ ibòji ni, bíi mítà 1.5 sókè ilẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni omi yìnyín tó yọ́ lọ́sàn-án, tó tún dì lóru. Kì í hàn lójú títì. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ o.