Bí a ṣe ń yanjú gbèsè bánkì lórí ilé nígbà tí tọkọtaya bá ń kọ ara wọn sílẹ̀

Bí ìgbéyàwó bá tú ká ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin), àwọn àgbà ìhà méjèèjì a máa jókòó, wọn a sì sọ ẹni tí ilé yóò kàn. Ìpàdé náà dára, àmọ́ bánkì tó yá tọkọtaya lówó kò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà kò sì dè é. Bí àwọn méjèèjì bá ti fọwọ́ sí i pé àwọn yóò jọ ru gbèsè náà, bánkì lè bi ẹnikẹ́ni nínú wọn ní gbogbo owó tó kù, kódà bí adájọ́ bá ti ní ọkọ nìkan ni kó máa san án.

Nítorí náà, ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ kó jọ: àdéhùn gbèsè, ìwé ìgbéyàwó tí mérì (ọ́fíìsì ìjọba ìlú) fún yín, àti titre foncier, ìyẹn ìwé tó fi ẹni tó ni ilẹ̀ hàn. Lábẹ́ òfin ẹbí Benin ti 2004, tọkọtaya tí kò bá yan ètò mìíràn, kálukú ló ni dúkìá tirẹ̀. Orúkọ tó wà lórí titre foncier ló wá lágbára jù. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, tó sì ti ń dá sí owó oṣooṣù, kí ó tọ́jú gbogbo rìsíìtì rẹ̀ fún adájọ́. Òfin kò ka ìgbéyàwó ìdílé tí kò dé ọ̀dọ̀ mérì sí, ìwé dúkìá nìkan ni yóò sọ̀rọ̀ fún irú wọn.

Bí ẹjọ́ ṣe ń lọ, ẹ má ṣe dáwọ́ owó oṣooṣù dúró. Ìbínú ló máa ń mú kí oníkálukú ní kí ẹnì kejì san án, èlé ìdádúró a sì gun orí àwọn méjèèjì. Bó bá pẹ́, bánkì lè gba ọ̀nà ilé ẹjọ́ ta ilé náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ̀wé sí bánkì kó sọ iye tó kù gan-an àti owó ìtanràn tó bá wà fún sísan ṣáájú àkókò, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mọ iye ilé díye lé e. Ká ní ilé tó mílíọ̀nù 20 Sẹ́fà, tí gbèsè sì ku mílíọ̀nù 12: mílíọ̀nù 8 péré ni ẹ ní láti pín. Bó bá jẹ́ ìdajì-ìdajì ni ẹ ni ín, ẹni tó fẹ́ jókòó sínú ilé yóò fún ẹnì kejì ní mílíọ̀nù 4, yóò sì gbé gbèsè 12 náà kọ́rùn. Mílíọ̀nù 20 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń jà lé lórí, bẹ́ẹ̀ owó náà kò sí.

Bí kò bá sí ẹni tó lágbára láti dá gbèsè náà gbé, títa ilé ló dára jù lójú tèmi. Ẹ tún lè jọ ni ín lọ títí àwọn ọmọ yóò fi dàgbà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú yín lè béèrè ìpín nígbàkigbà.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ dá gbé e, bánkì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti tú ẹnì kejì sílẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn ìpín lọ́dọ̀ notaire, òṣìṣẹ́ òfin tó ń ṣe ìwé dúkìá. Bánkì yóò wo owó oṣù ẹni náà, ó sì lè kọ̀. Ẹ wo ìwé ìbánigbófò ẹ̀mí (assurance) tó tẹ̀ lé gbèsè náà pẹ̀lú, nítorí orí ẹni tó jáde lè ṣì wà níbẹ̀.

Notaire ni yóò gbé ìyípadà orúkọ lọ sí ANDF, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ní ọjọ́ tí gbèsè bá tán, ẹ gba ìwé mainlevée, tí bánkì fi ń tú ilé sílẹ̀, kí wọ́n lè pa hypothèque (ìdógò bánkì lórí ilé) rẹ́ kúrò lórí titre foncier. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ra ilé náà yóò ṣì bá a níbẹ̀.