Bí A Ṣe Ń Fi Ọ̀dà Agolo Tún Abẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀ Àtijọ́ Kùn

Fífọ́n ọ̀dà kò gbà ju ọ̀sán kan lọ. Fífọ̀ àti híha tó ṣáájú ló ń jẹ ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ibẹ̀ gan-an sì lọ̀pọ̀ ti ń kánjú.

Ẹ yọ wáyà nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì ná, kí ẹ tó gbé bátìrì jáde. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá ní sọ̀ kalẹ̀, ẹ tú ohun tó bá ṣeé tú: fèrè, ike omi wáípà, ilé bátìrì. Ẹ fi fóònù ya ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan gbà kọjá. Ẹ fi ọ̀rá wé kabúrétọ̀ àti dísíríbútọ̀.

Ẹ fọ́n kẹ́míkà tó ń bó gírísì sí irin abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, ẹ ṣan án, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wá wọ́n omi sí irin náà. Bí omi bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ti mọ́. Bó bá ń ká jọ bí omi orí ewé kókò, epo ṣì wà níbẹ̀, ọ̀dà yóò sì ya ihò róbótó-róbótó bí ojú ẹja.

Ẹ fi sánpépà 180 ha ìpáàrà dé ara irin. Níbi tí ọ̀dà àtijọ́ bá ṣì dì mú, ẹ kàn fi 400 pa dídán rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ bó o. Ẹ tún wo masta bíréèkì, ìyẹn ohun tó ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀: bó bá ń jò, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó kun ohunkóhun, torí ọ́ìlì bíréèkì máa ń bó ọ̀dà agolo lásán kúrò. Ọ̀dà 2K, tó ní háádínà (kẹ́míkà tó ń mú ọ̀dà le) nínú agolo, le jù ú lọ, àmọ́ májèlé ni èéfín rẹ̀. Ìbòmú bébà kò tó. Ìbòmú tó ń sẹ́ èéfín kẹ́míkà ni kí ẹ lò.

Ẹ fi tépù bo nọ́ńbà ṣaasí àti ojú irin tí wáyà ẹ́ẹ̀tì (èyí tó so bátìrì mọ́ ara irin ọkọ̀) ń jókòó lé. Iná kì í gba inú ọ̀dà kọjá. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ láti sítáàtì lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ gbọn agolo fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ dì í mú ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 sí irin. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ọwọ́ tó dé orí irin, kí ẹ má tú u sílẹ̀ àfi tó bá kọjá etí kejì. Inú kọ̀rọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kùn. Bí ẹ bá fi í sẹ́yìn, eruku ọ̀dà yóò bà sórí ibi gbangba tó ti dán, ibẹ̀ yóò sì rí ṣákaṣàka. Pùráímà (ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń ṣáájú àwọ̀) lẹ́ẹ̀mejì, àwọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìṣẹ́jú 10 láàárín wọn. Ti àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ bo irin tán; ẹni tó bá fẹ́ kó bò lẹ́ẹ̀kan ni ọ̀dà ń ṣàn lé lọ́wọ́. Bó bá ṣàn, ẹ má nù ún. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dọ̀la, kí ẹ fi sánpépà 600 àti omi gé e. Lọ́jọ́ tí ọ̀rinrin bá pọ̀, ẹ má fọ́n ọn rárá, yóò funfun bí ìkùukùu.

Ẹ ṣí tépù kí ọ̀dà tó gbẹ tán. Lẹ́yìn wákàtí 24 ẹ lè máa to nǹkan padà, ṣùgbọ́n ẹ fún nọ́ọ̀tù díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, torí wáṣà máa ń rì sínú ọ̀dà tí kò tíì le.