Bí ìwé tèmi ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn

Iṣẹ́ ìkọ̀wé ni mo fi ń jẹun n'Ìbàdàn: ìpolówó rédíò, ìtumọ̀, ìtàn ìgbésí ayé fún àwọn olóyè. Odidi oṣù 4, n kò kọ ìlà kan ṣoṣo fún ara mi. Mo rò pé àyè ni kò sí. Irọ́ ni. Bí mo bá fi máa parí ti oníbàárà lálẹ́, ọ̀rọ̀ ti gbẹ lẹ́nu mi.

Mo wá gbé tèmi ṣáájú. Ní aago 5 ìdájí, kí n tó tan dátà, mo ń fi bírò kọ ojú ìwé kan sínú nóòtù. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà o. Lẹ́tà kan ṣoṣo bí "ọ̀" máa ń gbà ju ìtẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan lọ; kí n tó fi àmì sí i, ìtàn ti sá lọ. Àmì di ọjọ́ Sátidé, nígbà tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́.

Bí mo bá wọ takisí Micra, mo ń gba ohùn ara mi sílẹ̀ sórí fóònù. Ibẹ̀ ni mo ti rí gbólóhùn tó ṣí ìtàn tí mo ń kọ báyìí.

Owó kò dín. Oníbàárà kan bínú pé n kì í gbé ìpè láàárọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, ó gbà. Ojú ìwé 41 ti wà nílẹ̀.