Bí ẹ ṣe lè pààrọ̀ páàdì bíréèkì fúnra yín, àti bóòtù àtijọ́ tí ẹ ò gbọ́dọ̀ dá padà

Tí bíréèkì yín bá ti ń dún kíììì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yí rédíò sókè láti fi bò ó. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà lára páàdì tí wọ́n dìídì fi síbẹ̀ kó lè máa ha dísìkì (irin róbótó tó ń yí pẹ̀lú táyà, tí páàdì máa ń fún mọ́ kí ọkọ̀ lè dúró) nígbà tí páàdì bá fẹ́ tán, òun ló ń ké yẹn. Tó bá wá di gbàràgbàrà, páàdì ti tán nìyẹn, irin ló ń ha irin, ẹ máa ra dísìkì mọ́ ọn. Èmi kì í jẹ́ kó dé bẹ̀, tó bá ti ku nǹkan bíi mílímítà 3 mo ti yọ ọ́.

Corolla 2003 sí 2008 ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé torí òun ni mo ń wà, ó sì pọ̀ nígboro. Iwájú nìkan ni mo ń sọ.

Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fa háńbíréèkì, ẹ fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, kí ẹ sì kọ́kọ́ dẹ nọ́ọ̀tì táyà pẹ̀lú sípánà 21 kí ẹ tó fi jáàkì gbé e. Tó bá ti gòkè, ẹ ti sítáǹdì bọ abẹ́ ẹ̀. Ẹ má lo búlọ́ọ̀kù ilé o, kì í kìlọ̀ kó tó fọ́. Ẹ yọ táyà, ẹ yí sítíárì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ máa rí ẹ̀yìn kalípà, irin tó ń ti páàdì mọ́ dísìkì, kedere: bóòtù méjì tó ń gba sípánà 14 ló dè é mú. Tó bá jẹ́ páàdì nìkan lẹ fẹ́ pààrọ̀, ti ìsàlẹ̀ nìkan lẹ máa tú, ẹ ó wá ṣí kalípà sókè bí ẹni ṣí ìdérí àpótí, ẹ fi okùn so ó, kó má lọ já lé ọ́ọ̀sì bíréèkì. Bóòtù 17 méjì tó wà lẹ́yìn yẹn, tó de irin tó gbé kalípà, ẹ má fọwọ́ kàn án àfi tí ẹ bá fẹ́ yọ dísìkì.

Ẹ fi páàdì àtijọ́ méjèèjì síra wọn wò kí ẹ tó jù ú nù. Tí ti inú bá ti jẹ gan-an tí ti ìta ṣì nípọn, píìnì tí kalípà ń rìn lórí ẹ̀ ti gan nìyẹn, kalípà ò lè rìn mọ́. Ẹ fà á yọ, ẹ nù ún mọ́, gíríìsì sílíkóònù ni kí ẹ fi sí i, kì í ṣe gíríìsì bẹ́áríìnì, ìyẹn máa ń mú kí rọ́bà ẹ̀ wú. Ẹ má fẹnu fẹ́ eruku ibẹ̀, ẹ má fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, omi ọṣẹ tó, kó sì gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí ìdérí óìlì bíréèkì, ẹ gbé páàdì àtijọ́ lé písítìn, irin róbótó inú kalípà tó ń ti páàdì, kí ẹ fi kíláńpù tì í wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ máa wo óìlì yẹn kó má kún jáde torí ó máa ń bó ọ̀dà ọkọ̀.

Ẹ ti páàdì tuntun bọ àyè wọn, ẹ dá kalípà padà sílẹ̀, ó wá kan bóòtù, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní nọ́ọ̀tì, ibi tó ká mi lára jù nìyí. Nígbà kan mo ra páàdì olówó gidi, mo gbé e fún mẹkáníìkì kan, ó bá mi fi í, gbogbo ẹ̀ dára. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni mo wà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dún kókókó lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Mo pákì, mo tú táyà, bóòtù ìsàlẹ̀ ti yọ ju ìdajì lọ, ọwọ́ lásán ni mo fi yí i jáde. Mo gbé e sáàárín àtẹ́lẹwọ́ mi wò: orí ẹ̀ ti róbótó, tírẹ́ẹ̀dì (ìlà tó yí i ká lára) mẹ́ta tó ṣáájú ti pẹlẹbẹ, ọrùn ẹ̀ sì tín-ín-rín ju ìsàlẹ̀ ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wò ó fún ìṣẹ́jú kan ì bá ti mọ̀ pé kò ṣeé dá padà. Ìyàwó mi àti ọmọ wà lẹ́yìn ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tí mo máa ń ṣe báyìí ni pé mo máa fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́ títí màá fi rí irin ẹ̀, màá wá fi ọwọ́ yí i wọ ihò ẹ̀ láìlo sípánà. Ó gbọ́dọ̀ wọlé wọ́ọ́rọ́ títí dé ìdí. Tó bá há, tó bá mì, tí ìpẹtà bá ti jẹ ihò sí i lára, tí sípánà bá ń yọ̀ lórí ẹ̀, tàbí tí ọrùn ẹ̀ ò bá dọ́gba mọ́, ó di tuntun nìyẹn, mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá yege, ti Corolla ṣeé lò padà. Ọkọ̀ Jámánì yàtọ̀ o! Golf àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ẹ máa ń bá bóòtù tuntun mẹ́rin nínú páálí páàdì ẹ̀yìn, tí nǹkan gbígbẹ aláwọ̀ búlúù tàbí ewéko wà lẹ́nu tírẹ́ẹ̀dì wọn. Gọ́ọ̀mù ni, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń ṣiṣẹ́, torí náà ẹ lo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ti àtijọ́ ṣì lè.

Tí ẹ bá ń lọ ra bóòtù ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ l'Ékòó, ẹ mú ti àtijọ́ dání. Gígùn ẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu torí èyí tó bá gùn jù lè lọ máa ha dísìkì, tírẹ́ẹ̀dì náà gbọ́dọ̀ bára mu, ẹ sì wo nọ́ńbà orí ẹ̀, 8.8 tàbí 10.9. 10.9 lágbára jù, tí tiyín bá jẹ́ 10.9 ẹ má gba 8.8, èyí tí kò bá ní nọ́ńbà kankan rárá ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Tí ẹ bá ń dè é padà, ẹ má fi gíríìsì sí tírẹ́ẹ̀dì, ẹ máa dè é jù láìmọ̀. Bóòtù 14 yẹn, Nm 34 ni (Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára tí wọ́n fi ń de bóòtù), ìyẹn ò pọ̀ rárá, ẹni tó bá fi paípù gùn sípánà ló ń fa ọrùn ẹ̀. 17 jẹ́ Nm 107, nọ́ọ̀tì táyà 103. Ẹ yá tọ́ọ̀kì rẹ́ǹṣì, sípánà tó ń fi iye Nm yẹn hàn, tí ẹ ò bá ní.

Kí ẹ tó sún ọkọ̀ rárá, ẹ tẹ bíréèkì léraléra títí yóò fi le lẹ́sẹ̀ yín, torí ẹ̀ẹ̀kíní máa wọlẹ̀ lọ pátápátá. Ẹ wo óìlì ẹ̀, DOT 3 ló ń lò. Ẹ wá lọ sí ojú ọ̀nà tó dá, ẹ sáré dé kìlómítà 50 ní wákàtí, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ bọ̀ sí 10 láì dúró, bí ìgbà mẹ́jọ, kí páàdì àti dísìkì lè mọra. Tí ẹ bá ti rin nǹkan bíi kìlómítà 100, ẹ padà fi rẹ́ǹṣì kan nọ́ọ̀tì táyà, kí ẹ sì tanná wo bóòtù 14 yẹn.